Ta Ló Ni Ilé Yìnyín?

Bí oṣù January bá ti wọlé, etí adágún Michigan á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí rẹ̀ á sì máa gún ènìyàn dé eegun. Àlejò tó bá rí i lè rò pé bí họ́kì orí yìnyín ṣe dé Chicago nìyẹn: omi dì, àwọn ọmọdé wọ bàtà onírin, eré bẹ̀rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn abúlé Kánádà. Ní Chicago, inú ilé ni wọ́n ti bí họ́kì tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ẹ̀rọ ló sì bí i. Yìnyín rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi owó ṣe, tí wọ́n kọ́lé bò, tí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú irú yìnyín bẹ́ẹ̀. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kí n tó rékọjá sí òkè òkun, ọgbọ́n kan náà ni mo sì ń lò níbí, àfi pé fíríìjì tí mo ń tọ́jú báyìí gùn ní 200 ẹsẹ̀ bàtà. Bí mo ṣe ń pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ìtàn họ́kì ìlú náà ń yí padà lójú mi. Àwọn ilé ni mo ń rí nínú rẹ̀, àti àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ wọn mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe yìnyín náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn páìpù wà nínú ilẹ̀ kọnkéré, omi iyọ̀ tó tutù ju yìnyín lọ ló ń gba inú wọn kọjá. Iyọ̀ náà ni kì í jẹ́ kó dì. Ẹ̀rọ kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀ ń fún gáàsì pọ̀, gáàsì ń gba ooru lára omi iyọ̀, àwa sì ń tú ooru náà dà síta. Bí kọnkéré bá ti tutù dáadáa, a ó fọ́n omi lé e lórí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí àkọ́kọ́ á dì kí a tó fọ́n òmíràn. A ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, torí pé yìnyín fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀, àwọ̀ eérú kọnkéré ni ojú ìbá máa rí. A ó fa ìlà pupa àti ti búlúù, a ó tún fọ́n omi bò wọ́n. Gbogbo rẹ̀ kò nípọn ju ínṣì kan àti díẹ̀ lọ. Bí ojú rẹ̀ bá wà ní nǹkan bíi dígírì 24 ti Fahrenheit, bàtà á yọ̀ geere, pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, á sì sáré láì máa ta sókè. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á dúró lójú rẹ̀. Bó bá tutù jù, irin bàtà á máa bó o wẹ́wẹ́. Iná mànàmáná kò gbọdọ̀ lọ. Ènìyàn kò gbọdọ̀ sùn lọ. Ẹni tí kò bá ní owó kò lè ní irú nǹkan báyìí.

Olówó àkọ́kọ́ tó mú un dúró ní Chicago ni Major Frederic McLaughlin, ẹni tí bàbá rẹ̀ fi òwò kọfí sílẹ̀ fún. Ní 1926 ló ra àyè nínú líìgì NHL, ó sì ra àwọn eléré Portland Rosebuds lápapọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó fún wọn ní orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí òun fúnra rẹ̀ ti sìn nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, orúkọ Black Hawk, olórí àwọn ará Sauk tí wọ́n fi ìbọn lé kúrò lórí ilẹ̀ Illinois. Orúkọ náà ṣì wà, àwòrán orí ọkùnrin Ìbílẹ̀ sì wà láyà aṣọ ikọ̀ náà títí dòní, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kó di àmì lára ọjà ẹlòmíràn.

Ọjọ́ 17 oṣù November 1926 ni wọ́n gbá eré àkọ́kọ́ wọn, wọ́n sì na ikọ̀ St. Patricks ti Toronto ní góòlù 4 sí 1. Coliseum tó wà lójú pópó Wabash ni wọ́n ti gbá a. Ilé àràmàǹdà ni. Apá kan lára ògiri iwájú rẹ̀ wá láti ẹ̀wọ̀n Libby ní Richmond, níbi tí àwọn ará Gúúsù ti há àwọn ọmọ ogun Àríwá mọ́ nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Wọ́n tú ẹ̀wọ̀n náà ní bíríkì bíríkì, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá sí Chicago kí àwọn ènìyàn lè máa sanwó wò ó. Lẹ́yìn ògiri ẹ̀wọ̀n ni họ́kì ìlú yìí ti gbéra.

Ọkùnrin kan wà tí mo máa ń ronú kàn, àwọn olólùfẹ́ họ́kì kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Paddy Harmon ni. Ilé ijó ló fi là. Òun náà fẹ́ ní ikọ̀ họ́kì, McLaughlin ló rí i gbà, àmọ́ Harmon kò jáwọ́. Ó da owó ara rẹ̀ lé kíkọ́ ilé ìṣeré kan lójú pópó West Madison, ilé tó lè gba èrò tó ju 17,000 lọ, tó ní dùùrù ńlá kan tí páìpù rẹ̀ lé ní 3,600. Wọ́n ṣí Chicago Stadium ní oṣù March 1929. Ṣùgbọ́n ní sáà yẹn, Black Hawks kò rí ilé kan pàtó fìdí kalẹ̀ sí. Coliseum bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àdéhùn pẹ̀lú Harmon kò tíì jọ, ìlú mìíràn ni wọ́n sì ti lọ gbá lára àwọn eré tó yẹ kí wọ́n gbá nílé. Góòlù 33 péré ni wọ́n jẹ nínú eré 44. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àìnílé nìkan ló fà á, àmọ́ ẹni tó bá ti rí ikọ̀ tí kò ní yìnyín tirẹ̀ rí á mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ wà ńbẹ̀. Ní ti Harmon, àwọn tó bá a dá owó pọ̀ lé e kúrò nínú ilé tó kọ́, ó sì kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1930.

Lórí yìnyín Harmon ni Charlie Gardiner ti di àgbà aṣọ́lé. Scotland ni wọ́n ti bí i, Winnipeg ló ti dàgbà. Òun ni balógun ikọ̀ ní sáà 1933 sí 1934, àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára kí sáà náà tó parí: ibà, orí fífọ́, ojú tó ń ṣú. Ó ń ṣọ́ àwọ̀n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù April 1934, àwọn àti Detroit gbá a títí àkókò fi tán, wọ́n fi àkókò kún un, ìyẹn náà tán, kò sí ẹni tó rí àwọ̀n ara wọn he. Nínú àfikún kejì ni Mush March jẹ góòlù kan ṣoṣo, ife Stanley sì bọ́ sọ́wọ́ Chicago fún ìgbà àkọ́kọ́. Akẹgbẹ́ rẹ̀ Roger Jenkins ti ṣèlérí pé bí àwọn bá borí, òun á fi kẹ̀kẹ́ akólẹ̀ tì í yí ká àárín ìlú, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tú nínú ọpọlọ Gardiner, ó kú lẹ́ni ọdún 29. Kò sí aṣọ́lé mìíràn tó jẹ́ balógun tí ikọ̀ rẹ̀ gba ife náà, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọdé tó bá dúró tì mí lẹ́bàá ẹ̀rọ, torí pé àwọn gbajúmọ̀ òde òní nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ní 1938 wọ́n tún gba ife, pẹ̀lú ikọ̀ tó borí nínú eré 14 péré tó sì fìdí rẹmi nínú 25 kó tó di ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Bill Stewart, rẹfirí béèsìbọ́ọ̀lù ni. Mẹ́jọ nínú àwọn eléré náà jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Kánádà ló kún líìgì náà fọ́fọ́. Aṣọ́lé wọn dá egungun ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n sì wá Alfie Moore rí ní Toronto ní ọjọ́ eré gan-an. Ó bá wọn ṣọ́lé, wọ́n borí.

Ohun tó tẹ̀lé e kò sí nínú àwọn ìwé góòlù, àmọ́ òun ló yí ìlú náà padà jù lọ. Ní nǹkan bí 1935, nígbà tí gbèsè ti bo Chicago Stadium mọ́lẹ̀, Arthur Wirtz àti ìdílé Norris rà á. Wirtz mọ̀ pé ilé yìnyín kò lè jẹun lórí họ́kì nìkan. Òun ló ń ṣètò eré fún Sonja Henie, ọmọbìnrin Norway tó ti gba wúrà Òlíńpíìkì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ijó orí yìnyín, èrò sì ń ya wá wo obìnrin náà. Nígbà tí Henie ń ṣe ìdánrawò ní Paramount, ní California, ó rí ọkọ̀ kan tí Frank Zamboni tó ni ilé yìnyín ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tó ń fá ojú yìnyín, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń fọ́n omi tuntun lé e. Ó ní kó bá òun ṣe ọ̀kan fún eré òun ní Chicago. Zamboni kó àwọn ohun èlò sínú ọkọ̀ àfàlẹ́yìn, ó so ó mọ́ jíìpù tí yóò fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà, ó sì wà á láti California dé Chicago.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ti ṣiṣẹ́ yìí rí lè má mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún wa. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọkùnrin á fi ṣọ́bìrì kó ìdọ̀tí yìnyín, wọ́n á fa àgbá omi gbígbóná kiri, ojú yìnyín á sì máa rí kuku-kùkù. Omi gbígbóná náà la ṣì ń lò títí dòní, torí pé ó máa ń yọ́ ojú yìnyín tó ti họ díẹ̀ kó tó dì mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà yìnyín rẹ̀ á le, á sì mọ́ gaara. Họ́kì yára sí i nígbà tí yìnyín bá tẹ́jú. Gbogbo ìyára tí ẹ ń yìn lára àwọn ọmọ òde òní, apá kan rẹ̀ ti ọwọ́ obìnrin oníjó yẹn wá.

Nígbà tó fi máa di 1952, ikọ̀ họ́kì náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni ilé. Láti 1947 sí 1958, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní 1957, nígbà tí Detroit fi Glenn Hall àti Ted Lindsay ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí wọ́n ka sí ẹ̀ṣẹ̀ Lindsay ni pé ó fẹ́ kí àwọn eléré dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Bobby Hull dé ní ọdún náà. Stan Mikita tẹ̀lé e, ọmọ tí wọ́n bí ní Slovakia tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mú lọ sí Kánádà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láì wọ ìbòjú, Hall ṣọ́lé nínú eré 502 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ní 1961, wọ́n dá Montreal dúró, ikọ̀ tó ti gba ife ní ọdún márùn-ún léraléra, wọ́n sì na Detroit nínú àṣekágbá. Hull àti Mikita tún wá tẹ orí ọ̀pá wọn kọdọrọ, pọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá lójú àwọn aṣọ́lé. Ní 1972, Hull bá owó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ sí Winnipeg. Ìlú kò dárí ji Wirtz fún un fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti le jù nìyí. Bill Wirtz, ọmọ Arthur, kò gbà kí tẹlifíṣọ̀n máa fi eré ilé hàn. Ó ní ìyẹn á rẹ́ àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì jẹ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò gbà á. Ẹni tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó wà ní gúúsù ìlú, tí bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, tí kò mọ ẹnì kankan tó ní bàtà onírin, tẹlifíṣọ̀n nìkan ni fèrèsé rẹ̀, òun ni wọ́n sì tì mọ́ ọn lójú. Odidi ìran kan dàgbà ní Chicago tí wọn kò mọ ojú ikọ̀ ìlú wọn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní Chicago Stadium ní 1994 tí wọ́n kó lọ sí United Center ní òdìkejì òpópónà. Ààyè ìjókòó wá ń ṣófo. Nígbà tí Bill kú ní oṣù September 2007, ọmọ rẹ̀ Rocky gbé eré ilé sórí tẹlifíṣọ̀n ní sáà náà gan-an. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ kò lè rí tíkẹ́ẹ̀tì rà mọ́.

Ní oṣù June 2010, ní Philadelphia, Patrick Kane ti Chicago gbá pọ́ọ̀kì láti ẹ̀gbẹ́, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wọlé sí àfi òun nìkan, tó ti ń sáré lọ sí òdìkejì pápá pẹ̀lú ayọ̀. Bí ife ṣe padà sí Chicago nìyẹn, lẹ́yìn ọdún 49 láti 1961. Ní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sáà pẹ̀lú eré 24 láì fìdí rẹmi láàárín àkókò eré, wọ́n sì jẹ góòlù méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 17 ní Boston láti gba ife. Ní 2015, ilé ni wọ́n ti gbà á, èyí tí wọn kò ṣe láti 1938. Ìjì ńlá jà ní Chicago nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òjò kún ojú ọ̀nà, ife fúnra rẹ̀ sì há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ìjì náà bí ìyanu. Èmi ń ronú nípa àwọn akẹgbẹ́ mi tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ooru àti ọ̀rinrin oṣù June ni ọ̀tá yìnyín tó burú jù. Ìgbàkígbà tí èrò bá ṣílẹ̀kùn, ọ̀rinrin á wọlé, á balẹ̀ sójú yìnyín, á sì di yìnyín wẹ́wẹ́ tí í fa pọ́ọ̀kì sẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹ́ kí yìnyín dúró ní alẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ akin.

Ife 2010 ní àbùkù lára. Ní 2021 ni ìròyìn ìwádìí kan fi hàn pé ọ̀dọ́ eléré kan fẹ̀sùn kan olùkọ́ kan nínú ikọ̀ náà ní 2010 pé ó fipá bá òun lò, pé àwọn ọ̀gá gbọ́, wọ́n sì gbé e tì kí ife má baà bọ́. Líìgì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì dọ́là lé ikọ̀ náà, wọ́n sì fi àmì X pa orúkọ olùkọ́ náà rẹ́ lára ife. Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ojúṣe àwọn tó ni ilé ni láti dáàbò bo ọmọ tó wọ inú rẹ̀, wọ́n sì yan ife.

Àwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ìtàn tiwa lórí yìnyín yìí, ó sì gùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní Chicago ni Dirk Graham ti di balógun ikọ̀ NHL, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, ibẹ̀ náà ló sì ti di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní líìgì náà, ní 1998. Dustin Byfuglien jẹ góòlù 11 nínú ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ 2010. Johnny Oduya, ọmọ Sweden tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Kenya, gba ife ní 2013 àti 2015. Ní 2007, Chicago mú Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Òkene, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tó wà ní Rockford, níbi tí Chicago ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá Bill Peters fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà bú u. Ọdún mẹ́wàá kọjá kó tó sọ ọ́ síta, ní November 2019, Peters sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Calgary sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kò sí bí Yorùbá kan ṣe máa sọ̀rọ̀ họ́kì láì dárúkọ Jarome Iginla, Adékúnlé, ọmọ bàbá tó ti ilẹ̀ wa lọ sí Kánádà, tó jẹ góòlù 625 nínú líìgì yìí. Ní 2009, ikọ̀ rẹ̀ Calgary pàdé Chicago nínú ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, Chicago sì lé wọn lọ. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó borí, ìfẹ́ mi sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó fìdí rẹmi, n kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọn kò wo họ́kì rí jókòó tì mí nítorí orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ nìkan, wọ́n sì ń bi mí pé níbo ni àwọn lè mú ọmọ àwọn lọ kó lè kọ́ ọ.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò rọrùn nígbà náà. Ilé yìnyín tí ìjọba ìlú ń bójú tó jọdún, McFetridge, apá àríwá ló wà, bẹ́ẹ̀ gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ìlú náà ń gbé. Ní 2015 ni Morgan Park dé ní gúúsù, èyí sì jẹ́ ohun tí mo kà sí pàtàkì ju ife ọdún náà lọ. Síbẹ̀, kíkọ́ ilé kò tó. Wákàtí ni à ń tà nílé yìnyín. Àwọn ẹgbẹ́ tó lówó ti ra ìrọ̀lẹ́ tán kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ á wá rí àyè ní aago márùn-ún òwúrọ̀ tàbí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí bọ́ọ̀sì kò sí, tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ti bá àwọn alákòóso sọ ọ́ títí wọ́n fi yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́rú, kété lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, fún àwọn tí kò wọ bàtà onírin rí, bàtà àti ọ̀pá sì wà nílẹ̀ fún wọn láì san kọ́bọ̀. Èmi ni mo ń ṣe yìnyín wákàtí yẹn fúnra mi. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ọjọ́ kejì nínú ọ̀sẹ̀ ni a fẹ́ béèrè fún.